Orí Ẹni Tó Jókòó Lẹ́yìn Yín: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Alága Ẹgbẹ́ Ọlọ́kadà Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ ọlọ́kadà gbogbo, láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ìjẹ̀bú-Igbó, láti Àgọ́-Ìwòyè dé Odògbolú, láti Ṣàgámù dé Ìkẹ́nnẹ́, Ìlíṣàn àti Ìsarà, mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú oòrùn, ẹ kú òjò. Ẹ kú ìnáwó bẹntiróòlù tí kò mọ̀ pé àwọn kan ń jẹun lára rẹ̀. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí iṣẹ́ náà pa yín lára.

Aṣerunlóge ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí ọjà Òkè-Ajé. Orí ni mo fi ń jẹun. Orí àwọn èèyàn ló ń wà láàárín ọwọ́ mi méjèèjì látàárọ̀ dalẹ́: orí ìyá ọlọ́jà, orí ọmọ yunifásítì, orí ìyàwó ọ̀sìngín, orí ọmọdé tó ń sunkún nítorí òòyà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn orí wọ̀nyí, ẹ̀yin lẹ gbé wọn wá sọ́dọ̀ mi, ẹ̀yin náà lẹ ó sì gbé wọn padà sílé. Oníbàárà kan náà la jọ ní. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà yìí sí yín, tí mi ò kọ ọ́ sí gómìnà tàbí ọ̀gá ọlọ́pàá.

Ọ̀rọ̀ akoto, hẹ́límẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń dé lórí máṣíìnì, ni mo bá wá. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá ti gbọ́ ọ báyìí, ojú yín á ti kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á tán.

Ẹ wo ọlọ́kadà tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn Garage. Ó ní akoto, a ò lè purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n orí táńkì epo ló gbé e lé, tàbí kó fi okùn rẹ̀ kọ́ ọwọ́ máṣíìnì, kó máa fì síwá sẹ́yìn. Bó bá ti fojú gán-án-ní ẹ̀wù àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lọ́ọ̀ọ́kán, á fi ọwọ́ kan já a, á gbé e karí, kò ní de okùn àgbọ̀n. Bó bá ti kọjá wọn, akoto á tún padà sórí táńkì. Owó-orí ni akoto yẹn, ó kàn ń fi í kọjá ni. Orí fúnra rẹ̀ ò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀.

Mi ò bú onítọ̀hún. Òfin tó bá jẹ́ pé ìgbà tí owó bá tán lápò ẹnì kan ni wọ́n ń rántí rẹ̀, ojú owó náà ni aráàlú yóò fi máa wò ó. Ẹ̀yin náà mọ àwọn ọjọ́ tí wọ́n ń dúró sí kọ̀nà, ẹ sì mọ àwọn ọjọ́ tí gbogbo ìlú lè gun máṣíìnì ní ìhòòhò tí ẹnikẹ́ni ò ní bi wọ́n.

Àwọn ọlọ́kadà tó ń dúró de èrò máa ń jókòó sórí bẹ́ńṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, a sì máa ń jiyàn níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Ìmùṣin, là á mọ́lẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kan. Ó ní, “Àǹtí, orí ta ni? Ṣé kì í ṣe orí mi ni? Bí mo bá ṣubú, ṣé ìjọba ló máa ṣubú ni?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Àgbàlagbà ni, ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ, òun ló ra máṣíìnì rẹ̀. Kí ló kan ẹlòmíràn nípa ohun tó gbé karí tàbí ohun tí kò gbé karí?

Àwọn tó ju tiwa lọ ti ja ìjà yìí. Ní Amẹ́ríkà, ní 1966, ìjọba àpapọ̀ sọ fáwọn ìpínlẹ̀ pé èyí tí kò bá ṣe òfin akoto, àwọn máa gé nínú owó tí wọ́n ń fún un fi ṣe títì. Nígbà tó fi máa di 1975, ìpínlẹ̀ 47 ti ṣe é. Àwọn tó ń gun alùpùpù níbẹ̀ wá yarí. Tiwọn kì í ṣe iṣẹ́ o, fàájì ni, wọ́n á wọ jákẹ́ẹ̀tì awọ, wọ́n á tò lọ rẹrẹ lójú títì. Wọ́n ní òmìnira àwọn ni wọ́n ń jí gbé. Ní 1976, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì mú ìhalẹ̀ owó yẹn kúrò, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì tú òfin wọn ká. Títí di òní olónìí, ìpínlẹ̀ New Hampshire ò fi dandan lé e fún àgbàlagbà. Ohun tí wọ́n kọ sára nọ́ńbà ọkọ̀ wọn níbẹ̀ ni pé kéèyàn gbé lómìnira, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó kú.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di dandan ní 1973. Àwọn ẹlẹ́sìn Sikh tí wọ́n ń wé láwàní, tí wọn kì í ṣí i nítorí ẹ̀sìn wọn, ní àwọn ò lè tú láwàní nítorí akoto. Wọ́n bá ìjọba fà á títí, ní 1976 ilé aṣòfin sì yọ̀ǹda fún wọn nínú òfin. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún mi pé kò sí òmìnira kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí, èmi àti ẹ̀ ò jọ sọ̀rọ̀ kan náà.

Ẹjọ́ kan tún wà tó wọ̀ mí lára. Ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ẹnì kan gbé òfin akoto lọ sílé ẹjọ́, ó ní orí òun ni. Ní 1972, àwọn adájọ́ dá a lóhùn pé láti ìṣẹ́jú tó bá ti fara pa, àwùjọ ló máa gbé e kúrò lójú títì, ilé ìwòsàn ìlú ló máa gbé e lọ, dókítà ìlú ló máa tọ́jú rẹ̀, bí kò bá sì lè ṣiṣẹ́ mọ́, àwùjọ náà ló máa bọ́ ọ. Báwo ló ṣe wá lè sọ pé òun nìkan lọ̀rọ̀ kàn? Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà fọwọ́ sí i.

Ẹ wá fi ìyẹn wé ti wa. Lọ́dọ̀ tiwa, lọ́pọ̀ ìgbà, ìjọba kọ́ ló ń gbé èèyàn kúrò lójú títì. Ẹ̀yin lẹ ń gbé e. Ẹ̀yin lẹ ń gbé àwo kiri ní páàkì pé kí olúkúlùkù mú nǹkan sílẹ̀. Ìyàwó ló ń ta aṣọ tó fi jáde ìsìn, ìyá ló ń lọ bẹ àwọn mọ̀lẹ́bí kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n ta ilẹ̀, ẹlẹ́gbẹ́ àjọ ló ń ní kí wọ́n kó owó fún un ṣáájú kó tó kan an. Ọmọ Ìmùṣin yẹn ní bóun bá ṣubú, ìjọba kọ́ ló máa ṣubú. Òótọ́ ló sọ. Àwa la máa ṣubú.

Síbẹ̀síbẹ̀, mo gbà fún un díẹ̀. Bí àgbẹ̀ kan bá gun máṣíìnì ara rẹ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sóko kòkó rẹ̀, òun nìkan, tó ní oòrùn mú, tó ní òun ò dé akoto, màá pè é ní olórí kunkun lójú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní lọ pe ọlọ́pàá fún un. Òfin ò gba èrò mi o. Òfin ní kó dé e. Èrò tèmi ni mò ń sọ, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ má baà rò pé mo wà lára àwọn tó fẹ́ máa lé yín kiri ìgboro.

Ní kété tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn, tó béèrè pé “Ibo?”, tí wọ́n dúnàá-dúrà, tí onítọ̀hún sì gbé ẹsẹ̀ sọdá sẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní “orí mi ni.” Orí ti di méjì lórí máṣíìnì. Ẹni tó wà lẹ́yìn ò di ọwọ́ máṣíìnì mú, kò rí kòtò tó wà níwájú, kò mọ̀ bóyá bíréèkì mú dáadáa tàbí ẹ ti ń fi ẹsẹ̀ rán an lọ́wọ́. Kò sì sí akoto tó fẹ́ dé tàbí tó fẹ́ kọ̀, nítorí ẹnikẹ́ni ò na ọ̀kankan sí i. Òmìnira ta wá ni wọ́n ń fi èyí gbà jà? Ẹni tó gba owó lọ́wọ́ èèyàn pé òun máa gbé e délé, ó ti gba orí rẹ̀ sọ́wọ́ pẹ̀lú.

Oníbàárà mi kan jẹ́ olùkọ́ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láti òkè etí òsì rẹ̀, àpá kan gba ẹ̀yìn orí lọ, ó fẹ̀ tó ìka, irun ò hù níbẹ̀ mọ́, awọ ibẹ̀ ń dán. Bí mo bá ń fi ìdí òòyà la irun rẹ̀, tí mo bá ti ń sún mọ́ ibẹ̀, èjìká rẹ̀ á gan, màá sì gbé òòyà kúrò, màá fi ìka là á. A ti jọ wá ọgbọ́n sí i. Mo máa ń di kọ̀lẹ́sẹ̀ rẹ̀ láti ọ̀tún wá sí òsì, kí irun lè sùn lé àpá náà. Ọjọ́ tí ó rí bẹ́ẹ̀, iléèwé ló ń lọ láàárọ̀, lójú ọ̀nà Àgọ́-Ìwòyè, òjò ti fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ lóru. Ewúrẹ́ já lu títì, ọlọ́kadà yà fún un, máṣíìnì yọ̀. Ọlọ́kadà yẹn dé akoto, ó sì de okùn rẹ̀. Ó dìde, ó gbọn aṣọ. Olùkọ́ ò dìde.

Ó sọ fún mi pé òun ò rántí ìṣubú náà rárá. Ohun tí òun rántí ni pé òun ń ṣírò ṣéńjì tí òun máa gbà. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ máa ń pòórá mọ́ ọn lẹ́nu. Ó kọ wọ́n sínú ìwé pélébé kan tó ń wà nínú báàgì rẹ̀, tòun ti ibi tí olúkúlùkù ń jókòó sí. Bí mo bá ń ṣerun rẹ̀, ó máa ń kà á sókè, bí ọmọdé tó ń kọ́ ìsodipúpọ̀.

Akoto kan ṣoṣo ló wà lórí máṣíìnì yẹn, orí ẹni tó ń gbowó ló sì wà.

Bóyá akoto ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́, mi ò fẹ́ ká jiyàn ìyẹn pẹ́. Ní 1935, gbajúmọ̀ ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, T. E. Lawrence, gun alùpùpù rẹ̀ jáde, ó yà fún ọmọkùnrin méjì tó wà lórí kẹ̀kẹ́, ó sì ṣubú. Kò dé nǹkan kan. Ó wà láìmọ ara rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà, ó kú. Ọ̀kan nínú àwọn dókítà tí wọ́n pè sí i, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ tó ń jẹ́ Hugh Cairns, ò gbàgbé rẹ̀. Nígbà ogun Hitler, ó yẹ ikú àwọn sójà tó ń fi alùpùpù jíṣẹ́ wò, ó tẹ ohun tó rí jáde ní 1941, ibẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀ tí ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi sọ akoto di dandan fún àwọn ajíṣẹ́ wọn. Láti ìgbà náà wá, ìwádìí ti pọ̀ bí iyanrìn. Àwọn onímọ̀ tó kó wọn jọ wò ní 2008 rí i pé akoto ń fi ìdá 42 nínú 100 dín ewu ikú kù, ó sì ń fi ìdá 69 nínú 100 dín ewu kí orí fara pa kù. Mo mọ àwọn tí wọ́n ń fi odindi ọjọ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́tẹ́ tí àǹfààní rẹ̀ ò tó ìdá kan nínú ìyẹn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé líle tó wà níta akoto kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Inú rẹ̀ ni. Fóòmù funfun kan wà níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń tò yí tẹlifíṣọ̀n ká nínú páálí. Bí orí bá lu títì, fóòmù yẹn ni yóò rún kí agbárí má baà rún, yóò tan agbára ìlù náà ká, kò ní jẹ́ kó pé sójú kan. Bó bá ti rún lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ rẹ̀ parí nìyẹn, bí ìta rẹ̀ bá tilẹ̀ ṣì ń dán. Ẹ má ra èyí tí ẹnì kan ti fi ṣubú rí nítorí pé ó pọ́ọ́kú. Akoto yẹ́lò tí mo ń rí lórí àwọn kan nínú yín, ti àwọn kọ́lékọ́lé nìyẹn, bíríkì tó bọ́ láti òkè ni wọ́n ṣe é fún. Èyí tí wọn ò sì de okùn rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n, bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ibi tí yóò balẹ̀ sí, ọ̀tọ̀ ni ibi tí orí yóò balẹ̀ sí.

Mo ń gbọ́ èsì yín láti ibi tí mo jókòó sí: “Àwọn èrò gan-an ni kì í fẹ́ dé e.” Òótọ́ ni. Ibi tí iṣẹ́ mi ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kúnnú.

Nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú òfin akoto le ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2009, ẹ rántí eré tí Nàìjíríà fi ṣe. Àwọn ọlọ́kadà kan dé igbá, àwọn kan dé ike ọ̀dà. Àwọn èrò ní tiwọn ń bẹ̀rù pé wọ́n lè ti ṣe nǹkan sínú akoto, pé ẹni tó bá dé e lè dàwátì, tàbí kí wọ́n fi gba orí rẹ̀ lọ. Àwọn oníwèé ìròyìn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí dé òkè òkun. Èmi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Lára àwọn oníbàárà mi, ó pọ̀ nínú wọn tó jẹ́ pé bí mo bá tú irun wọn tán, wọ́n á ṣa gbogbo èyí tó já, wọ́n á dì í sínú ọ̀rá, wọ́n á gbé e lọ sílé. Ẹni tí kò lè fi irun ara rẹ̀ sílẹ̀ fún aṣerunlóge tó mọ̀ láti ọdún gbọọrọ, ẹ fẹ́ kó ki orí bọ ohun tí ẹni tí kò mọ̀ rí ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀? Orí ni Yorùbá ń bọ ṣáájú òrìṣà. Ẹ má fi ìbẹ̀rù yẹn ṣeré. Ẹ wá ọ̀nà tó máa gbà lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdọ̀tí. Ní èyí, àwọn obìnrin jàre yín pátápátá. Akoto tí òógùn orí ogún èèyàn ti gbẹ sí, tí kò rí ọṣẹ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á, èmi náà ò ní dé e. Làpálàpá máa ń gba inú fìlà àti òòyà lọ láti orí kan dé òmíràn. Mò ń rí i lórí àwọn ọmọdé, róbótó-róbótó, irun á gé kù síbẹ̀ bí ẹni fi abẹ fá a. Iná orí náà ń rìn bẹ́ẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni mo fi ń rẹ òòyà mi sínú omi apakòkòrò kí n tó fi kan orí ẹlòmíràn.

Oògùn rẹ̀ ò wọ́n, ọwọ́ wa ló wà. Fìlà ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń bo orí oníbàárà tó bá fi oògùn sírun, ẹ fún èrò ní ọ̀kan kó kọ́kọ́ fi borí, kó wá gbé akoto lé e. Bó bá sọ̀kalẹ̀, kó mú ọ̀rá rẹ̀ lọ tàbí kó jù ú síbi ìdalẹ̀nù. Orí rẹ̀ ò fara kan inú akoto, òógùn ẹlòmíràn ò fara kàn án, ẹni tó ń bẹ̀rù ayé náà á rí nǹkan tó dí ààrin òun àti akoto yẹn. Lálaalẹ́, ẹ fi omi ọṣẹ nu inú rẹ̀, kẹ́ ẹ sá a. Kò gbà ju ìyẹn lọ.

Ti irun ńkọ́? Irun tí mo fi ọ̀sán gbogbo ṣe, tí oníbàárà sanwó gidi lé lórí, tí akoto wá tẹ̀ pẹlẹbẹ kó tó délé, ó ń dun èmi gan-an tí mo ṣe é. Ṣùkú ò lè wọ inú akoto, ẹ jẹ́ ká sọ tòótọ́. Kọ̀lẹ́sẹ̀ á wọ̀ ọ́, pàtẹ́wọ́ á wọ̀ ọ́, irun dídì tó bá ti sùn mọ́ orí kò ní wàhálà. Mo ti ń béèrè lọ́wọ́ àwọn oníbàárà mi báyìí pé kí ni wọ́n ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, kí n tó bẹ̀rẹ̀. Wíìgì, kí wọ́n ṣí i sínú báàgì. Híjáàbù fẹ́lẹ́ wà tó lè gba akoto lórí. Gèlè ìnáwó ni mi ò rí nǹkan ṣe sí. Ẹni tó wé gèlè tó ga tó òrùlé, kó wọ takisí, tàbí kó ká a dání kó lọ wé e níbi ìnáwó. Àwọn aṣegèlè kún ibẹ̀ fọ́fọ́, wọ́n ń wáṣẹ́.

Ẹ̀rù adigunjalè náà ò kéré. Akoto tó bo ojú látòkè délẹ̀ máa ń já àyà ẹni, pàápàá lálẹ́. Ẹ ra èyí tó ṣí níwájú, kí ojú èrò àti ojú ọlọ́kadà hàn gbangba. Nígbà tí ẹ ń sọ̀rọ̀ olè, ẹ tún gbọ́ èyí: ní Jámánì, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ná ẹni tí kò bá dé akoto lówó ìtanràn ní 1980, jíjí alùpùpù gbé wálẹ̀ ju ìlàjì lọ láàárín ọdún díẹ̀. Olè tó bá rí máṣíìnì lójijì kì í mú akoto dání, ojú títì á sì tú u fó. Ẹ̀yin tí wọ́n ti gbé máṣíìnì yín lọ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn rí, ẹ rò ó wò.

Kò sì jẹ́ pé ibi tí ojú ti là nìkan ló ti ṣeé ṣe. Ní Kigali, olú ìlú Rùwáńdà, ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, akoto méjì ni ọlọ́kadà ń gbé, tirẹ̀ àti ti èrò, á sì nà án sí ẹ kẹ́ ẹ tó jókòó. Ní Fiẹtinámù, orílẹ̀-èdè tó jẹ́ pé alùpùpù ni gbogbo ayé ń gùn, òfin bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá 2007, kíá ni iye àwọn tó ń dé akoto sì kọjá ìdá 90 nínú 100. Oòrùn ń mú níbẹ̀ náà.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún rèé. Owó tíkẹ́ẹ̀tì wà tẹ́ ẹ ń já lójoojúmọ́. Mi ò béèrè ibi tó ń lọ, ẹ̀yin àti ẹgbẹ́ yín lẹ ni ìyẹn. Ẹ yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ sọ́tọ̀ ní páàkì kọ̀ọ̀kan, bí ẹni dá àjọ, kẹ́ ẹ máa fi ra akoto èrò fún ọmọ ẹgbẹ́ ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí. Ẹ fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà páàkì sára rẹ̀ kó má baà di ti ọjà. Bí ó bá ti kárí, kí máṣíìnì tí kò ní akoto kejì má ṣe gba èrò ní páàkì yín mọ́. Ẹ̀yin lẹ ní ẹni tó ń tò wọ́n, ẹ lágbára lórí èyí ju ọlọ́pàá lọ. Bí èrò bá kọ̀ tí kò dé e, ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ òun àti òfin. Ẹ ṣáà ti nà án sí i.

Ti ọmọdé, mi ò ní àforíjì níbẹ̀. Mò ń rí ọmọ iléèwé mẹ́ta lẹ́yìn ọlọ́kadà kan láàárọ̀, àbúrò wọn lórí táńkì níwájú, ó di jígí mú. Ọmọ yẹn ò yan nǹkan kan. Àwọn òbí tó ń bá yín ṣàdéhùn oṣooṣù nítorí owó tó dínkù náà jẹ̀bi, àwọn oníbàárà mi wà lára wọn, mo sì ti ń sọ ọ́ fún wọn lórí àga. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ lè sọ pé ẹ ò gbé e.

Ẹ̀yin ọmọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọjọ́-orí kan náà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí ẹ bá ń ka èyí, ẹ dákun, kò sí ohun tó burú nínú aṣọ tẹ́ ẹ ń dá fún àjọ̀dún Ojúde Ọba, èmi náà ń jẹ lára rẹ̀, irun àwọn ìyàwó yín ń wá sọ́dọ̀ mi. Bí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan bá lè fi iye owó fìlà nìkan ra akoto èrò fún páàkì kan ṣoṣo, tí ẹ sì kọ orúkọ yín gàdàgbà sára rẹ̀, gbogbo ìlú á máa gbé orúkọ yín karí. Ẹnì kan á bi mí pé ṣé àwọn ẹlẹ́ṣin ìdílé Balógun ń dé akoto lọ́jọ́ náà ni? Wọn ò dé e. Wọn ò sì gbé èrò sẹ́yìn.

Fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ọ̀rọ̀ mi kúrú. Nígbà tí wọ́n dá àjọ yín sílẹ̀ ní 1988, Wọlé Ṣóyínká ni alága àkọ́kọ́, ọmọ Ìsarà sì ni bàbá rẹ̀. Ilé ni iṣẹ́ yín ti wá, ẹ má jẹ́ kó ti wá lójú nílé. Bí ẹ bá dá ọlọ́kadà dúró, ẹ kọ́kọ́ wo orí ẹni tó wà lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí àwọn páàkì ní àkókò láti ra akoto kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í já máṣíìnì gbà.

Ẹ̀yin alága, ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ yára ni pé ẹlòmíràn máa ṣe é fún yín bí ẹ ò bá ṣe é. Ní Èkó, ìjọba fi òfin ojú pópó 2012 lé ọ̀kadà kúrò ní títì 475. Nígbà tó di oṣù Kẹfà 2022, wọ́n lé e kúrò pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, gbogbo wa la mọ̀, ṣùgbọ́n ìjọba tí ọ̀rọ̀ bá ti sú, abẹ ló máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Bí wọ́n bá lé yín ní Ìjẹ̀bú-Òde, ta ló máa gbé àwọn oníbàárà mi wá?

Èyí tó kù lọ́wọ́ mi nìyí. Páàkì tó bá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè Òkè-Ajé, èmi ni màá pèsè fìlà ọ̀rá tí wọ́n máa lò ní oṣù àkọ́kọ́, láìgba kọ́bọ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á wá kọ́ ọmọ ẹgbẹ́ yín bí wọ́n ṣe ń fọ inú akoto tí fóòmù rẹ̀ ò fi ní bàjẹ́. Ẹ rán akọ̀wé yín sí mi ní ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ Túsìdé ló dáa jù, èrò kì í pọ̀. Kó mú iye máṣíìnì tó wà ní páàkì yín dání, kí n lè mọ iye ọ̀rá tí màá rà.

Èmi ni tiyín,
Aṣerunlóge kan ní Ìjẹ̀bú-Òde